Ó Lé Ni, Kò Dín

Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà nínú Bíbélì mi, níbi tí ìwé Númérì parí sí. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ yan ibẹ̀ fún un. Ibi tó bọ́ sí lọ́jọ́ tí a kó kúrò nílé àtijọ́ ni mo fi í sílẹ̀ sí. Ara rẹ̀ ti pọ́n bí háhá àgbàdo, íǹkì pupa tí a fi tẹ nọ́ńbà sí i ti ń ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà: òdo mẹ́fà lórí ìlà, 000000.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi tó wà ní JSS 2 bá a pàdé níbẹ̀. Ó nà án sí mi lójú. "Dádì, ta ni wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì òdo fún?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní wọn ò já a fún ẹnikẹ́ni. "Kí ló wá dé tí wọ́n tẹ̀ ẹ́?" Mo ní kó lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ó lọ, èmi ni mi ò lè lọ. Mo dùbúlẹ̀ lóru, mo sì tún ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí a fi tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ẹ̀yìn fèrèsé wa ló wà.

Ọdún 1996 ni. Mò ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé lẹ́yìn Acme Road ní Ọ̀gbà, láàárín Ìkẹjà àti Agége, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ti fara kọ́ra. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti apá Agídíńgbí, òórùn kòkó á gba gbogbo àdúgbò. Bí kò bá fẹ́, òórùn kẹrosíìnì tí a fi ń fọ róla nìkan ni à ń gbọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi mí tì ni Heidelberg kan tó dàgbà jù mí lọ, ará Jámánì, tó ní apá irin méjì tí ń yí po bí abẹ̀bẹ̀: ọ̀kan ń mú ìwé wọlé, èkejì ń gbé e jáde. Ẹnu ẹ̀rọ yìí ni a máa ń de àpótí nọ́ńbà mọ́. Irin kékeré ni, kò ju páálí ìṣáná lọ. Kẹ̀kẹ́ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, òdo dé ẹ̀sán sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹ̀rọ bá ti tẹ ìwé kan, á tẹ irin tó ní àmì "No" lójú wọlé, kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn á sì yí lẹ́ẹ̀kan, ṣáká. Ẹ̀yìn ni irú tiwa ń kà sí. Orí nọ́ńbà tó ga jù lọ la ó ti bẹ̀rẹ̀, á máa sọ̀ kalẹ̀. Ìdí ni pé ìwé tó jáde kẹ́yìn ló ń wà lókè òkìtì. Bí ẹ̀rọ bá ń kà sẹ́yìn, òkìtì á to ara rẹ̀, ení á wà lókè, èjì á tẹ̀lé e. Ọgbọ́n àwọn atẹ̀wé ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nígbà yẹn.

Ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ kan ló gbéṣẹ́ wá. Gáréèjì mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ní. Wọ́n ń fẹ́ ẹgbẹ̀rún ìwé tíkẹ́ẹ̀tì fún gáréèjì kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n tíkẹ́ẹ̀tì nínú ìwé kan. Ọ̀gá wa dá owó lé e, wọ́n jọ ná an títí. Nígbà tí ọkùnrin tí wọ́n rán wá rí i pé Ọ̀gá ò ní sọ̀ mọ́, ó ní, "Ó dáa, sà, ẹ bù ènì sí i fún wa." Ọ̀gá ní ènì ìwé kan ni gáréèjì kọ̀ọ̀kan máa gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ̀rún ṣe di 1,001. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn páálí: ọgbọ̀n lọ́nà 1,001 jẹ́ 30,030, èyí lọ́nà mẹ́tàdínlógún, 510,510. Wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí n yí àwọn kẹ̀kẹ́ síbẹ̀.

Mo yí wọn: àrún, ení, òdo, àrún, ení, òdo. Mo sọ fún bùrọ̀dá tó ń kọ́ mi pé nọ́ńbà yìí mà rẹwà o. Wọ́n ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́.

Nítorí iná, ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá tí ń di ìwé pọ̀ dúró kí a parí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà tó kéré jù, àwọn náà sì lo ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n di ìkẹyìn, tí ọkọ̀ máa wá kẹ́rù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé 17,017 wà nílẹ̀, ó pé pérépéré. Tíkẹ́ẹ̀tì kan sì ṣẹ́kù lórí tábìlì. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 510510.

Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé rí lè ní kí ló wá kàn wá pẹ̀lú ègé ìwé kan. Nọ́ńbà tí Ọ̀gá kọ sẹ́yìn páálí rè é, ọmọ ilé ni, kì í ṣe àlejò. Bí ọmọ ilé bá wá wà níta, á jẹ́ pé ìwé kan wà níbì kan tó ní tíkẹ́ẹ̀tì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n dípò ọgbọ̀n, kàṣíà tí ìwé ọ̀hún bá bọ́ sí lọ́wọ́ ló sì máa fi owó àpò rẹ̀ dí i. Ọ̀gá ní kò sẹ́ni tó ń relé. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ká má ka tíkẹ́ẹ̀tì fún ọlọ́kọ̀. Àwa mẹ́jọ pín ìwé náà láàárín ara wa, ó lé ní ẹgbàá ìwé tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. A ki ìka bọ omi, a ń ṣí, a ń kà, ọgbọ̀n, ọgbọ̀n, ọgbọ̀n. Jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn wa, a ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Kò sí ìwé kan tí kò pé.

Ibẹ̀ ni ọkàn Ọ̀gá ti yí padà. Bí gbogbo ìwé bá pé, tí ọ̀kan sì tún wà níta, á jẹ́ pé ẹnì kan ti tẹ nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dà lówó lórí. Kọ̀ndọ́kítọ̀ tó bá rí i rà á ti rí owó jẹ. Ta ló sì wà nídìí ẹ̀rọ? Wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n ní kí n yọ àpò mi méjèèjì síta. Mo yọ ọ́. Háńkáṣíìfù kan, kọ́kọ́rọ́ kan, owó ọkọ̀. Mi ò tíì lè sọ bí ara mi ṣe rí fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá àgbà kan wà nínú àwọn tó ń di ìwé. Màmá là ń pè wọ́n. Wọ́n dìde láti orí àpótí tí wọ́n jókòó lé, wọ́n rìn lọ sídìí òkìtì kìíní pátápátá, wọ́n mú ìwé òkè. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìbẹ̀rẹ̀ ná." Wọ́n ṣí i, wọ́n gbé e sún mọ́ iná. "Irú òdo rẹpẹtẹ wo wá nìyí?"

Ìwé yẹn, èmi gan-an ni mo kà á lóru. Mo ka òdo mẹ́fà pọ̀ mọ́ àwọn ìyókù, ó pé ọgbọ̀n, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lálẹ́ tí a parí títẹ̀, nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé 000001, ó yẹ kí n dá ẹ̀rọ dúró. Oorun ń kùn mí, mi ò dá a dúró, ó gba ìwé kan sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì 510,511 la tẹ̀. Ọ̀gá já òdo kúrò lára ìwé kìíní, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ 510510 mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè pé ọgbọ̀n. Títí dòní mo ṣì máa ń ronú kan kàṣíà tó ta kìíní, tó ta èkejì, tó ta dé kọkàndínlọ́gbọ̀n, tó wá ṣàdédé bá ara rẹ̀ lórí ìdajì mílíọ̀nù. Ọ̀gá ò bẹ̀ mí. Wọ́n ra búrẹ́dì Agége fún gbogbo wa láàárọ̀ yẹn, wọ́n sì ní kí wọ́n fi bọ́tà sí tèmi. Wọ́n tún fi tíkẹ́ẹ̀tì òdo náà lé mi lọ́wọ́. "Gbà, ìwọ lo tẹ̀ ẹ́."

Ohun tó ń dà mí láàmú kọ́ ni pé wọ́n fura sí mi. Ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ, ọrùn rẹ̀ lọ̀ràn wà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé àwa mẹ́jọ, a fi odindi òru wá ohun tó dín, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó lé la ní.

Èdè wa ò sì fi èyí pamọ́ fún wa. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà Yorùbá kì í jókòó jẹ́ẹ́: bí kò lé, á dín. Mẹ́rìnlá ṣì lé lórí ẹ̀wá. Bó bá ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ti gbójú sókè wo ogún, a wá ń ka iye tó kù ká tó débẹ̀. Mẹ́tàdínlógún, iye gáréèjì wọ̀nyẹn, ogún ló ń lé tí kò bá. Iye ìwé wa, 17,017, bí bàbá bàbá mi bá fẹ́ pè é, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàásàn-án ó lé mẹ́tàdínlógún ni. Ẹ tú u: ẹgbàá mẹ́sàn-án ni 18,000, ẹ yọ ẹgbẹ̀rún kan, ẹ fi ogún lé e, ẹ yọ ẹ̀ta. Nọ́ńbà kan ṣoṣo lèèyàn pè, ó ti dín, ó ti lé, ó tún ti dín. Nígbà tí ó bá sì di 510,510, ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, pẹ̀lú ẹgbàárùn-ún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́wàá. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tó gbé ní Ìjàyè, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde ní 1887 lórí ìṣirò wa, ó sì so ó mọ́ bí wọ́n ṣe ń fa owó ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún láti inú òkìtì. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan.

Ọmọ mi ló jẹ́ kí n rí ohun kan nínú ọ̀kẹ́ yìí tí mi ò rí rí. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un nílé ẹ̀kọ́ ni kí ó máa tú nọ́ńbà palẹ̀ títí á fi ku àwọn tí kò gbà kí ohunkóhun pín wọn àfi ení àti ara wọn: èjì, ẹ̀ta, àrún, èje, mọ́kànlá, mẹ́tàlá, mẹ́tàdínlógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Olóríkunkun ni mò ń pe àwọn wọ̀nyí. Tú ọ̀kẹ́ kan, èjì àti àrún nìkan lo máa bá: èjì márùn-ún, àrún mẹ́rin. O ò ní bá ẹ̀ta níbẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan kò ṣeé pín fún ọmọ mẹ́ta. 6,666 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ méjì á ṣẹ́kù, ibẹ̀ nìjà á ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti fẹ́ sọ pé àwọn bàbá wa ò fẹ́ràn ẹ̀ta, àmọ́ ayò ò jẹ́. Ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò méjìlá: ẹ̀ta wà nínú rẹ̀ gbagidi.

Mo ní kó bá mi tú 510,510. Ó fi èjì pín in, ó di 255,255. Ó fi ẹ̀ta pín èyí, 85,085. Ó fi àrún, 17,017. Mo dá a dúró níbẹ̀. Iye ìwé wa rè é lójú mi, lórí ìwé ọmọ JSS 2! Ó tẹ̀ síwájú: èje, 2,431, mọ́kànlá, 221, mẹ́tàlá, mẹ́tàdínlógún, mẹ́tàdínlógún, ení. Olóríkunkun méje àkọ́kọ́ láyé, lẹ́sẹẹsẹ, ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, kò sí ẹni tó fò, kò sí ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí nọ́ńbà tó kéré jù ú lọ tó kó olóríkunkun méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú. Nọ́ńbà 128 ló lè pín in láìsí àṣẹ́kù. Ọgbọ̀n tíkẹ́ẹ̀tì inú ìwé kan ló kó èjì, ẹ̀ta àti àrún wá. Gáréèjì ló mú mẹ́tàdínlógún wá. Èje, mọ́kànlá àti mẹ́tàlá ńkọ́? Nínú 1,001 ni wọ́n ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún géérégé ni ọkùnrin ọlọ́kọ̀ yẹn gbà, èjì àti àrún nìkan náà là bá bá nínú rẹ̀, bíi ti owó ẹyọ. Ènì ló yí ìwà nọ́ńbà náà padà. Ení àti ènì, àmì ohùn ló yà wọ́n. Mi ò mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ wọn tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó wá ku tíkẹ́ẹ̀tì tiyín, Dádì," lọmọ náà wí. Ó fi ení kún un, 510,511, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Èjì, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ẹ̀ta, ọ̀kan ṣẹ́kù. Àrún, ọ̀kan ṣẹ́kù. Títí dé mẹ́tàdínlógún, ọ̀kan yẹn ń ṣẹ́kù, bí ó ṣe ṣẹ́kù lórí tábìlì wa. Ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé olóríkunkun nìyí, mo ní kó ní sùúrù. Mọ́kàndínlógún ló wọ̀ ọ́: 19 lọ́nà 97 lọ́nà 277. Nọ́ńbà mẹ́jọ péré ló lè pín in láìsí àṣẹ́kù. Ìṣáájú rẹ̀ gba 128, òun gba mẹ́jọ. Ìpín gáréèjì kan náà rí bẹ́ẹ̀: 30,030 gba gbogbo àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ mọ́ra; fi ení lé e, gbogbo wọn á kọ̀ ọ́ lẹ́yìn, 59 àti 509 nìkan ló máa bá a lò.

Euclid ti rí ọ̀rọ̀ yìí ní Alexandria, ní Íjíbítì, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Kristi. Ó wà nínú ìwé kẹsàn-án Elements rẹ̀. Kó gbogbo olóríkunkun tó o bá mọ̀ jọ, wá nọ́ńbà tí gbogbo wọn lè pín, kí o fi ení kan kún un. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn tí o kó jọ tó máa lè pín in láìṣẹ́kù. Nítorí náà, olóríkunkun kan wà níta tí kò sí nínú àpò rẹ. Fi ìyẹn náà kún wọn, kí o tún un ṣe. Òmíràn tún wà níta. Wọn ò lópin. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, Ọ̀gá ni mo rántí, bí wọ́n ṣe dúró nídìí tábìlì tí wọ́n ń wo ọ̀kan yẹn.

Ṣé ẹwà tí mo rí lára nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́? Ó ti ṣe mí bí iyèméjì. Àrún, ení, òdo, àrún, ení, òdo: ìwé la fi ń rí ìyẹn. Bí a bá pè é ní ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti àwọn ìyókù rẹ̀, ìbejì yẹn ti pòórá. Àmọ́ olóríkunkun méje náà ò lọ síbì kankan. À báà fi òǹkà òyìnbó kà á, à báà fi owó ẹyọ tò ó sílẹ̀, gáréèjì mẹ́tàdínlógún á pín in, kò ní ṣẹ́kù. Orúkọ nọ́ńbà lè yí. Bó ṣe ń pín kì í yí.

Babaláwo mọ iyì àṣẹ́kù jù wá lọ. Bí ó bá ń pa ikin mẹ́rìndínlógún, kì í ṣe èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kó ló ń wò. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, á tẹ méjì sórí ọpọ́n. Bí méjì bá ṣẹ́kù, á tẹ ọ̀kan. Ẹnu àṣẹ́kù ni Ifá gbà ń sọ̀rọ̀. Àwa náà ní àṣẹ́kù kan, a kàn ń wò ó bí olè.

Lẹ́yìn tí ọmọ mi ti lọ sùn ni ohun tó burú jù wá yé mi. Gbogbo ìwé tó bá ní ọgbọ̀n tíkẹ́ẹ̀tì, tí ìwé kìíní bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ení, orí òdo ló gbọ́dọ̀ parí sí: 30, 60, 90. Tiwa, 29 ni ìwé kìíní parí sí, èkejì 59, ẹ̀kẹta 89. Gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, gbogbo wọn ló parí pẹ̀lú ẹ̀sán. Kò sí èyí tó fi pamọ́. Ìwé kan ṣoṣo là bá ṣí, ìwé yòówù kó jẹ́, ká wo igun rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, àti mẹ́tàdínlógún sí i, ni ẹ̀rí náà kọjá níwájú wa lóru yẹn, ìka wa ń kà, ojú wa ò kà.

Ilé ìtẹ̀wé náà ò sí mọ́. Ibi ìkẹ́rùsí ni wọ́n fi ṣe báyìí. Mo kọjá níwájú rẹ̀ nígbà tí mò ń lọ sí Pen Cinema. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣì wà ní Ọ̀gbà, ní Agége, ní Òrégún, tí wọ́n ń dúró ti ẹ̀rọ lóru òní. Ẹ̀yin ọ̀gá wọn, bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù lórí tábìlì yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ìwé kìíní wò kí ẹ tó ní kí ọmọ náà yọ àpò rẹ̀ síta.